Obìnrin Tó Di Okùn Mú

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn Akọni tó sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀gbun lọ bá ẹranko jà. Ìtàn gígùn ni, àwọn akéwì lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti sọ pé "obìnrin kan sì di okùn mú," tí wọ́n sì sáré kọjá, ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi máa ń dúró sí. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn."

Alọ́kùn, obìnrin náà, fi orúnkún ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì fa kókó okùn náà le títí ọmọ náà fi ké.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí kalẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ gé mi sí méjì?"

"Dúró jẹ́ẹ́. Okùn tí kò bá dunni kì í gbani."

Fọ́nrán ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé láti kékeré ló ti tínrín bíi fọ́nrán ọ̀gbọ̀, kò sì sanra nígbà tó dàgbà tán. Ó ti tó ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ òbí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó fi fìtílà kọ́rùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gan-an ni ìyá rẹ̀ kò lè wò.

Ẹnu ọ̀gbun ni wọ́n wà, lẹ́yìn odi ìlú. Ìdérí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí gbogbo ọkùnrin ìlú ti wọ́ ọ dé láti ìdájí: pákó nínípọn tí wọ́n fi irin dè, tó fẹ̀ tó ilẹ̀ yàrá méjì. Ojú eyín ló kún abẹ́ pákó náà. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ń jẹ ẹ́, àwọn káfíńtà sì ń lẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn eyín ti ń yára ju òòlù lọ. Ẹranko náà ti ráyè jáde láàárín òjò, ó gun ògiri ọ̀gbun bí alángbá, ó sì ń gbé ènìyàn lórí ibùsùn wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Akọni.

Òfin àtayébáyé sì wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ́ okùn. Ilé tó bá lọ́ okùn ọ̀gbun ni yóò fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti bá akọni gbé fìtílà. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ òun ló máa so rọ̀ kò ní fi ọ̀gbọ̀ jíjẹrà ṣiṣẹ́. Okùn méjì ni Alọ́kùn lọ́, ọ̀kan nípọn fún Akọni, ọ̀kan tínrín fún ọmọ rẹ̀. Inú àtíbàbà gígùn tó fara ti odi ìlú ni òun àti Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti ṣe é. Wọ́n di ọ̀gbọ̀ mọ́ ikùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn láti òpin kan dé òpin kejì, nítorí ẹ̀yìn ni àwọn alọ́kùn ń rìn sí. Ìyá Àgbà a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ibi tí òun ti kúrò nìkan ni òun mọ̀ dáadáa láyé yìí, ibi tí òun ń lọ, kí Ọlọ́run bá òun wò ó. Ọ̀gbọ̀ wọ́n lọ́dún náà. Okùn kọ̀ọ̀kan gùn dé ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tó ní àṣẹ́kù.

Ọkọ Alọ́kùn ti sọ̀kalẹ̀ rí, pẹ̀lú akọni mìíràn. Nígbà tí okùn méjèèjì dákẹ́, Olórí Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n dé ọ̀gbun. Alọ́kùn ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ó dà bíi pé nǹkan mì lọ́wọ́ òun. Wọn ò ní sùúrù. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n wọ́ ìdérí náà kúrò, ó rí àgékù okùn ọkọ rẹ̀ lórí òkúta níbi tí pákó ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ti dúdú, ó sì gbẹ bí ìrù eku. Ó fi ẹsẹ̀ bò ó kí ọmọ má baà rí i.

Akọni fúnra rẹ̀ kéré sí orin tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ lemọ́lemọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Akéwì rẹ̀, ọkùnrin sísanra tó ń tẹ̀ lé e kiri láti ìlú dé ìlú, ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

"Ìyá, okùn yìí dára o. Kí ni kí n pè é nínú ewì?"

"Pè é ní okùn," Ìyá Àgbà dáhùn.

"Màmá, nǹkan gbọ́dọ̀ lórúkọ. Idà Akọni lórúkọ. Ẹṣin rẹ̀ náà lórúkọ."

"Ṣé ẹṣin rẹ̀ máa bá a wọ inú ọ̀gbun?"

"Ẹṣin kẹ̀? Rárá o."

"Ó gbọ́n ju ọ̀gá rẹ̀ lọ nìyẹn."

Àwọn ọkùnrin tó di okùn ńlá mú bú sẹ́rìn-ín. Akọni pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí Fọ́nrán. "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Ìwọ ńkọ́?"

Ó wo akéwì rẹ̀ kó tó dáhùn. "Kò gbọdọ̀ bà mí," ló wí.

Èdè okùn kò ṣòro. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u sílẹ̀ sí i. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fà mí sókè. Alọ́kùn tún un sọ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí, ọmọ náà sì ń mi orí bí ẹni pé òun ò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ó jókòó sétí ọ̀gbun, ó da ẹsẹ̀ sínú òkùnkùn, ó sì lọ.

Alọ́kùn ti yí okùn náà po òpó igi tó wà níwájú rẹ̀, Ìyá Àgbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ìwúwo ọmọ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe mọ ìwúwo kèrègbè tó fi ń pọnmi lójoojúmọ́. Ó mọ ìgbà tó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó mọ ìgbà tó yí ojú padà. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà náà ń kéré sí i títí ó fi dà bí ẹyinná, kó tó wá kú mọ́ wọn lójú. Nígbà tó yá, okùn fúyẹ́. Ọmọ ti dúró lórí ilẹ̀ nísàlẹ̀.

Wọ́n dúró. Oòrùn gun òkè, ó sì dé àtàrí. Àwọn ènìyàn tó wá wòran jókòó sórí koríko, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó wà nílé aláìsàn.

Igbe kan ti ìsàlẹ̀ wá, kì í ṣe ti ènìyàn. Ó gba inú ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Okùn ńlá náà wọ́ àwọn ọkùnrin tó dì í mú síwájú, ẹni tó wà níwájú pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú ọ̀gbun. Lójijì ó rọ̀. Gbogbo wọn ṣubú sẹ́yìn lé ara wọn lórí. Nígbà tí wọ́n fà á jáde tán, wọ́n rí i pé ẹnu rẹ̀ ti di fọ́nrán wẹẹrẹ, itọ́ ń kán nídìí rẹ̀. Wọn ò gé e. Wọ́n jẹ ẹ́ ni.

Akéwì ti dìde dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ sídìí ìdérí," Olórí Ẹ̀ṣọ́ wí. Àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Okùn tèmi ṣì wà nísàlẹ̀," ni Alọ́kùn wí.

"Ìyàwó wa, mo mọ bó ṣe rí lára rẹ."

"O ò mọ̀ ọ́n. Okùn mi ṣì wà nísàlẹ̀."

"Ohun tó jẹ okùn ńlá kò ní fi kékeré sílẹ̀. Ẹ bọ́ sídìí ìdérí, mo wí!"

Àwọn ọkùnrin náà dìde. Wọ́n ti ń di ìjàrá ìdérí náà mú nígbà tí okùn tínrín mì lọ́wọ́ Alọ́kùn. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó ń pè mí!" ló ké. "Màmá, ẹ fà á! Ẹ gbà mí, ẹ fà á!"

Ó fà á, ìwúwo náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwúwo náà kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ó tó ọmọ rẹ̀ méjì. Apá tó lágbára ló ń mi okùn náà, ẹsẹ̀ ńlá ló sì ń gbá ògiri kiri bíi ti ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so rọ̀.

Olórí Ẹ̀ṣọ́ ti rí bí òpó náà ṣe ń dún. Ó gbé àáké rẹ̀ sókè. "Kì í ṣe ọmọ rẹ nìyẹn. Ó wúwo jù."

"Akọni ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹranko kì í fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó sì dúró."

Akọni ni lóòótọ́. Ó ti bọ́ okùn lára ọmọ òun, ó sì so ó mọ́ ara rẹ̀: bí Alọ́kùn ṣe rò ó nìyẹn. Ó rí i lójú inú rẹ̀, àwọn ọwọ́ ńlá tí ọkùnrin náà ń nù mọ́ aṣọ láàárọ̀. Alọ́kùn kàn ní láti la ọwọ́ rẹ̀, kí okùn bọ́. Àwọn ọkùnrin náà kò tíì dé ìdí okùn. Òun àti arúgbó kan ṣoṣo ló dì í mú. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé.

Ṣùgbọ́n kò sí okùn mìíràn tó dé ìsàlẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn kò bá tíì gòkè, okùn kò lè padà lọ bá ọmọ rẹ̀. "Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́!" ló ké sí àwọn ọkùnrin náà. "Ẹ fà á! Ṣé ẹ ò jẹun lánàá ni?" Kò sí ẹni tó fa okùn bí ó ṣe fà á lọ́jọ́ náà. Ó fà á débi tí ọ̀gbọ̀ fi bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé e jáde. Kò ní idà lọ́wọ́. Etí rẹ̀ kan ti ya kúrò, omi dúdú kan sì ń ṣàn lára rẹ̀ tó ń rùn bí ẹja òkú. Ó dojú bolẹ̀ sórí koríko, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ méjì sáré mú ọ̀bẹ wá láti gé okùn náà kúrò láyà rẹ̀.

Alọ́kùn ṣubú lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé okùn yìí! Ẹ jẹ́ kí n tú u!"

Bí wọ́n bá gé e níbẹ̀, yóò kúrú, kò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ó wá kókó náà, ó rí i láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ ẹni kì í dé. Ibẹ̀ ni ilé wọn máa ń ta á sí, kí ẹni tí jìnnìjìnnì bá mú má baà tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ènìyàn ò lè ta á fún ara rẹ̀. Ìdí okùn náà sì yọ sápá òsì. Fọ́nrán nìkan ló máa ń yọ ọ́ sápá òsì, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọjọ́ pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń bá a jà lórí rẹ̀ nínú àtíbàbà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kókó náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí tó kù fún ọkùnrin náà.

"Òun ló so ọ́?"

"Mo ní kó máa lọ." Eyín Akọni ń gbá ara wọn. "Ìyá, mo ní kó máa lọ. Ó ní òun lè wọ inú ihò kan lára ògiri, pé èmi ò lè gba ibẹ̀. Ó ní okùn máa padà wá. Ó ní ìyá òun ló wà lókè."

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà nínú ihò náà nígbà tí ẹ fà mí."

Ó ń tú kókó náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka, ó ń fi eyín. "Ẹranko yẹn ńkọ́? Ṣé o pa á?"

"Mo gún un lójú. Idà mi há síbẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ léèrè idà."

"Kò kú," ló wí, bí ọmọdé tó fọ́ àwo.

Olórí Ẹ̀ṣọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà lókè, ó fẹ́ fi ṣe àmì sí àwọn tó wà nídìí ìdérí. "Akọni, sọ̀rọ̀! Ṣé ó kú? Bí kò bá kú, ká tètè dé e!"

Akọni gbé orí sókè. Alọ́kùn rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ló fẹ́ sọ. Ọmọlúàbí ni. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Ó ti kú!" Alọ́kùn ké. "Ó ti pa á! Ó sọ fún mi! Ó fi idà sí i lójú, ó sì kú!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Alọ́kùn kò bẹ̀bẹ̀ fún ogún ọdún. Kó ṣáà fún un ní àyè láti fa okùn kan.

Ariwo tó sọ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin ju ìjàrá ìdérí sílẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Akéwì ti gbé ohùn sókè, ó ti bu iyọ̀ sí i: ojú ẹranko náà ti tóbi tó òṣùpá, idà sì ti wọ inú rẹ̀ dé èèkù. Akọni ń wo Alọ́kùn.

"Dìde," ló sọ fún un lábẹ́lẹ̀. Kókó náà ti tú. "Máa bá wọn lọ. Bí o bá la ẹnu báyìí, wọ́n á dé e mọ́ ẹni tó so ọ́."

Ó dìde. Wọ́n gbé e lé èjìká. Olórí Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ṣì ń wo ìdérí.

"Ṣé ká fi sílẹ̀ báyìí?"

"Kí la fẹ́ dé? Òkú?" ẹnìkan bi í, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ó yíjú sí Alọ́kùn. "Ìyàwó wa, ọmọ ńkọ́? Ṣé kí n fi ẹni mẹ́rin sílẹ̀ láti bá ọ fà á?"

Ẹni mẹ́rin á gbọ́ ohun tó ń mí nísàlẹ̀. "Ó fúyẹ́," ló dá a lóhùn. "Èmi àti Màmá ti tó. Ẹ máa lọ bá wọn yọ̀."

Wọ́n lọ, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn. Orin wọn wọ inú odi. Koríko tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde padà.

Ìyá Àgbà kò mira. "Ìyàwó mi, ṣé ó kú lóòótọ́?"

"Màmá, ẹ di okùn mú."

Arúgbó náà wò ó, ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì di okùn mú.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú òkúta kan lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó kanlẹ̀, Alọ́kùn fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ lè mọ̀. Kò sí èsì. Nísàlẹ̀, nǹkan ńlá kan ń wọ́ ara rẹ̀ kiri, ó ń dúró, ó tún ń wọ́. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ó tún okùn náà dì mú ṣinṣin. Oòrùn ti ń rọ̀ sápá ìwọ̀. Alọ́kùn dojú kọ okùn náà, kò gbàdúrà, kò sunkún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti ṣe méjèèjì.

Okùn náà mì. Lẹ́ẹ̀kan, ó tún mì. Ẹ̀kẹta pẹ́ kó tó dé, kò sì lágbára, bí ẹni fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìwúwo náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kèrègbè tó mọ̀. Igbe yẹn tún dún nísàlẹ̀, òkúta já kúrò lára ògiri, ìwúwo náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Ṣùgbọ́n kò já bọ́.

Fọ́nrán yọ jáde, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ sórí koríko. Kò sí fìtílà lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Iwájú ló ta kókó sí, kókó burúkú tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á síta, ìka méjì ló kù níbẹ̀.

Alọ́kùn gbé e mọ́ àyà. Ó ń gbóòórùn orí rẹ̀ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Ìyá Àgbà ya ìborùn rẹ̀ sí méjì, ó sì ń di ọwọ́ náà. Ọmọ náà jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ojú odi ìlú ló ń wò.

"Orin kí ni wọ́n ń kọ?"

Ìyá Àgbà so aṣọ náà le, ọmọ náà sì yíjú sí ìdérí.

"Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ta ló máa wọ́ ìdérí?"

"Wọ́n ti lọ," Ìyá Àgbà wí. "Wọ́n ní ó ti kú."

"Kò kú." Ó jókòó dáadáa. "Ojú kan ló fọ́. Orí ń gbóná fún un, ó ń gbá ara rẹ̀ mọ́ ògiri. Òkùnkùn nìkan ló ń dúró dè. Ṣé Akọni ló sọ fún wọn pé ó kú?"

"Èmi ni," Alọ́kùn wí.

"Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

Fọ́nrán yíjú sí i.

"Wọ́n fẹ́ dé e," ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ti di ìjàrá mú. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá rẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ. Kí ni kí n sọ?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n ju ìjàrá sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò lè ní kí díẹ̀ dúró? Kí wọ́n wà níbí nígbà tí mo bá jáde?"

"Olórí Ẹ̀ṣọ́ ní òun fẹ́ fi ẹni mẹ́rin sílẹ̀."

"Ẹ wá ní?"

"Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbọ́ ohùn ẹranko náà."

Ọmọ náà wo àwọn ilé tó wà lẹ́yìn odi. Èéfín ti ń yọ láti ilé ìdáná. Wọ́n ṣí fèrèsé gbogbo sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ báyẹn nírọ̀lẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Nígbà tí mò ń so Akọni," ló wí, "mo ní ìyá mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dé e. Ọkàn mi balẹ̀. Mi ò rò ó síwájú ju ibẹ̀ lọ."

"Èmi náà ò rò ó."

Fọ́nrán dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì dúró.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

"Jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà odò lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, báyìí. Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Wọ́n ti fi kọrin. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á sọ wá lókùúta."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Akọni yẹn kò ní la ẹnu. Ta ló máa la ẹnu lórí èjìká àwọn ènìyàn?"

Ọmọ náà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi ìborùn dì sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti la aṣọ náà já. "Èyí á sọ fún wọn," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́. "Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ fà mí."

Ó bọ́ sọ́nà odi. Ó kọ́kọ́ ń tiro, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Lẹ́yìn Alọ́kùn, òkúta kan tún já nínú ọ̀gbun, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀.

"Pè é," Ìyá Àgbà wí. "Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Pè é, kó padà, ká máa lọ."

Alọ́kùn la ẹnu. Ó wá yé e pé bí wọ́n bá dá ọjọ́ náà padà fún òun láti àárọ̀, ibi yẹn náà ni òun máa dúró sí, igbe yẹn náà ni òun máa ké, òun á sì tún lé ẹni mẹ́rin yẹn lọ. Kò kábàámọ̀. Ó wá inú ara rẹ̀ títí bóyá ó kábàámọ̀, kò rí i níbẹ̀. Ọmọ náà sì ti rí i lójú rẹ̀ kí òun tó rí i.

Kò pè é. Fọ́nrán dé ẹnu odi, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn kékeré, ó sì bọ́ sáàárín orin wọn. Kò bojú wẹ̀yìn.